Màmá Mi Ló Mọ Ọ̀nà Oòrùn

Ìtìjú ni mo fẹ́ fi ṣe ìtàn lónìí, ti ara mi sì ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa. Èmi náà ti ń rín in báyìí, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ojú mi rí màbo.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n Emùré Èkìtì nilé wa. Ibẹ̀ ni màmá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi owó kòkó kọ́ nígbà tí kòkó ṣì ń jẹ́ kòkó. Bàbá ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kó sinmi. Oògùn oníhóró ló kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tó yá, dókítà ní ìyẹn kò tó mọ́, abẹ́rẹ́ ínsúlìn ló kù. Nọ́ọ̀sì wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Igò tí ẹ kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni kí ẹ máa fi sí. Kò gbọ́dọ̀ dì, kò sì gbọ́dọ̀ gbóná. Láti 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá ti ṣí lè wà níta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ibẹ̀ kò bá ti gbóná jù. Bí ooru bá mú oògùn yìí, ó ṣì lè máa dà bí oògùn lójú yín, ṣùgbọ́n agbára á ti lọ lára rẹ̀."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló yẹ kí n kọ sára ògiri. Mo gbọ́ ọ, mo dúpẹ́, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ iná ti rí nílẹ̀ yìí. Ọdún 1972 ni wọ́n dá Nẹ́pà sílẹ̀. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2005, wọ́n sì pín in tà fún àwọn aládàáni ní ọdún 2013, síbẹ̀ Nẹ́pà náà ló ṣì ń jẹ́ lẹ́nu wa. Bí iná bá dé, àwọn ọmọdé àdúgbò á hó yèè pé "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Nígbà mìíràn wọn kò ní tíì hó tán tí yóò fi lọ. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí wọn kì í hó rárá. Fíríìjì Màmá wá di àpótí tí ó ń kó ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ sí kí eku má bàa jẹ ẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ rà, èyí kékeré tí àwọn èèyàn ń pè ní "Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ." Màmá kò lágbára láti fa okùn rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń bá a fà á, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí ó fẹ́ràn láti máa tú nǹkan palẹ̀, tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ẹnjiníà. Nítorí olè, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí lálẹ́. Ọjọ́ tí mo bá a níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, tí èéfín gba ilé, àyà mi là gààràgà. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Ojú oorun ló ti ń pa odidi ìdílé. Mo pariwo lé wọn lórí lọ́jọ́ náà, Màmá sì wò mí títí, ó ní, "Ṣé kí n gbé e síta kí wọ́n jí i, àbí kí n gbé e sínú ilé kó pa mí? Sọ èyí tóo fẹ́." N kò rí èsì fọ̀.

Ìgbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún ìjọba tuntun l'Ábùújá, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, lítà bẹńtiróòlù tí kò tó ₦200 ti ń lọ sí bíi ₦500. (Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọjá ₦1,000.) Mo jókòó, mo fi owó epo sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi owó oṣù mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Sólà ni mo máa ṣe fún Màmá.

Ọ̀rẹ́ mi kan júwe ọ̀gá oníná kan fún mi. Orúkọ rẹ̀ kò kan ìtàn yìí. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ló tà fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 300 wáàtì, pẹ̀lú ínfátà kan àti bátìrì ńlá méjì tí ó ní wọ́n ti lò díẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. "Tòkunbọ̀ ni, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó lágbára ju tuntun tiwa lọ." Owó ti ń tán lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo gbà á gbọ́. Èèyàn tí owó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ gba nǹkan gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù Kẹfà ni wọ́n gun orí òrùlé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ojú ọ̀run wá mọ́ kedere lọ́sàn-án, oòrùn ń ta sára páànù. Màmá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú ilé, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ó pè mí.

"Ọma mi, ṣé ibẹ̀ yẹn lo ní kí wọ́n gbé e sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Igi máńgòrò bàbá rẹ ńkọ́?"

Ọ̀gá oníná gbọ́ ọ láti orí òrùlé. "Ìyá, ẹ wò ó fúnra yín. Aago méjìlá ti lù. Ṣé ẹ rí òjìji kankan níbí?"

Òótọ́ ni. Igi máńgòrò náà wà ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù ilé, ó ga, ó ṣẹ́rí, ṣùgbọ́n kò sí òjìji rẹ̀ kankan lórí páànù.

"N kò sọ pé ní báyìí," ni Màmá wí. "Tí ọyẹ́ bá dé ni. Tí ọyẹ́ bá dé, òjìji igi yẹn máa ń gun orí òrùlé lọ. Kí lẹ rò pé ó jẹ́ kí n máa lọ sá kòkó ní apá ọ̀hún lọ́hùn-ún, tí mo fi ẹ̀yìn ilé sílẹ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀rọ lèyí o, kì í ṣe kòkó."

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Màmá kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rò nígbà náà. Mo rò pé ọgbọ́n òyìnbó ni sólà, pé kò sí ohun tí obìnrin tó sá kòkó láti ìgbà èwe rẹ̀ lè mọ̀ níbẹ̀. Mo ti ka ìwé nípa rẹ̀ díẹ̀, ìwé kíkà yẹn sì ti gùn mí. Mo mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Becquerel, ni ó kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná jáde, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún péré sì ni nígbà náà. Mo mọ̀ pé ọdún 1954 ni àwọn òṣìṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi sílíkọ́ọ̀nù, ohun tó pọ̀ nínú yanrìn, ṣe èyí tó wúlò fún iṣẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oòrùn tà sí i, bíi mẹ́fà péré ni tiwọn ń sọ di iná. Èyí tí a ń rà lóde òní ń sọ bí ogún di iná. Gbogbo èyí ni mo kà fún ọ̀gá oníná náà bí ọmọ ilé ìwé tí ń ka ákọ́sórí. Ohun tí n kò mọ̀ ni ibi tí oòrùn máa ń gbà kọjá lórí ilé tí wọ́n bí mi sí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa páńẹ́ẹ̀lì yìí, tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí owó yín má bàa ṣòfò bíi tèmi. Kì í ṣe ooru oòrùn ni ó ń sọ di iná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni. Kódà, bí páńẹ́ẹ̀lì bá gbóná jù, iṣẹ́ rẹ̀ a máa dín kù díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, bí ẹ bá wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ óo rí i pé kì í ṣe odindi kan, àwọn ìlà kéékèèké ni wọ́n so pọ̀, bí ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí bí a ti ń ṣe nígbà tí ilé bá ń jó lábúlé, tí àwọn èèyàn á tò láti odò dé ibi tí iná wà, tí wọ́n á máa gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn. Bí ẹnì kan bá sùn lórí ìlà, kì í ṣe korobá tirẹ̀ nìkan ni kò ní dé, ti gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni páńẹ́ẹ̀lì rí. Òjìji tí kò ju ẹ̀ka igi kan lọ lè gba ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò mọ èyí nígbà náà. Láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹwàá, ayé ń yẹ wá. Fíríìjì ń kùn wìì tọ̀sán tòru. Màmá ń mu omi tútù, fáànù ń fẹ́ ẹ, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, ilé wa nìkan ni yóò máa tàn. Mo wá láti Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó síwájú ilé, mo ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Mo ní, "Ẹ wò ó, n kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Oòrùn Ọlọ́run ni." Mo bínú sí jẹnẹrétọ̀ náà débi pé mo tà á. Tìlù tìfọn ni mo fi tà á, lójú gbogbo ará àdúgbò.

Ẹnjiníà ní tirẹ̀ ti rí ọ̀nà ajé. Ó so wáyà gígùn kan mọ́ ara ògiri, ó ń bá àwọn èèyàn gba iná sí fóònù, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kò burú, fóònù kò jẹ iná púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fi kún un, ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ aṣọ ilé ìwé. Áyọ́ọ̀nù kan ń gba 1,000 wáàtì. Gílóòbù ìgbàlódé kan kò gbà ju 10 lọ. Ìyẹn ni pé ìgbà tí ọmọ yìí bá ń lọ aṣọ, ọgọ́rùn-ún gílóòbù ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé wa, a kò kàn rí wọn ni.

Oṣù Kọkànlá wọlé, ọyẹ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkìtì mọ bí ọyẹ́ ti ń rí níbẹ̀: àárọ̀ tutù, ọ̀sán gbóná janjan, eruku funfun bo gbogbo nǹkan. Ó bo páńẹ́ẹ̀lì náà. Kò sí ẹni tó rántí gun òkè lọ nù ún. Òjìji igi máńgòrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òrùlé, díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Màmá ti wí, títí ó fi jẹ́ pé láti ọ̀sán lọ, páńẹ́ẹ̀lì méjì kò rí oòrùn mọ́ rárá, àwọn méjì yòókù sì ń rí i ní àbọ̀. Bátìrì kò kún mọ́. Bátìrì irú èyí, olójé tí a ń bu omi sí, kò fẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì kí a tó tún fún un ní oúnjẹ. Tiwa ń gbẹ dé ìsàlẹ̀ ní alaalẹ́. Ogbó tí ó ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sílẹ̀ yìí wá hàn. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́, ínfátà á ké fíín, á kú. Ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kó tó jí. Nígbà tó yá, kì í jí títí ọ̀sán.

Mo ń tẹ Màmá láago lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. "Iná ńkọ́, Màmá?" "Iná wà, ọma mi." "Fíríìjì ńkọ́?" "Ó ń ṣiṣẹ́."

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ni Ẹnjiníà tẹ̀ mí láago, tó ń sunkún. Ó ní Ìyá Àgbà kò dá òun lóhùn dáadáa mọ́, pé omi ni wọ́n ń mu ṣáá láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ń tọ̀ ṣáá. N kò mọ bí mo ti dé Emùré. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n gún ìka rẹ̀ láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wò ó kò sọ iye tó jẹ́ sókè. Ó fi ìwé náà han dókítà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, dókítà béèrè ibi tí a ń tọ́jú oògùn sí, mo sì ń fi ìgbéraga sọ pé inú fíríìjì ni, pé a ní sólà. Ẹnjiníà tó dúró lẹ́yìn mi ló là á mọ́lẹ̀: ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fíríìjì náà ti ń gbóná ju inú ilé lọ. Dókítà ní òun kò lè búra pé òun nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó ní kí n kó gbogbo igò náà dànù. Oògùn tí mo rà fún oṣù méjì ni.

Nígbà tí Màmá lè jókòó, mo bi í léèrè. Ohùn mi le, mo mọ̀. "Ẹ̀yin sọ fún mi pé iná wà! Kí ló dé tí ẹ kò sọ òótọ́?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní, "Ìwọ lo jókòó síwájú ulé, tóo ń sọ fún gbogbo ayé pé o ti borí iná. O ti ta jẹnẹrétọ̀. Ṣé èmi ni màá wá sọ pé ẹ̀rọ ọmọ mi ti kú? Mo ní bóyá tí ọyẹ́ bá lọ, yóò dára."

Ẹ̀yin ará, n kò mọ bí ẹ ó ti gba ọ̀rọ̀ yìí sí. Èmi mọ bí mo ti gbà á. Obìnrin náà ń gún ara rẹ̀ ní omi lásán láràárọ̀ kí ojú má bàa tì mí.

Ohun tí ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò gba iná rárá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kọ́ wa: kí a gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ìkòkò amọ̀ ńlá, kí a da yanrìn sí àárín méjèèjì, kí a máa bu omi sí yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kí a fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi bá ti ń gbẹ láti ara ìkòkò, ó ń gbé ooru lọ pẹ̀lú. Àwọn àgbà wa ti mọ̀ pé omi inú àmù a máa tutù. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jígàwá, ló sọ irú ìkòkò méjì yìí di ohun tí àwọn oníṣòwò ń fi tọ́jú ẹ̀fọ́ àti tòmátì níhà àríwá, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, kò fi bẹ́ẹ̀ tutù. Kò tutù tó fíríìjì, ṣùgbọ́n ó tó fún igò kan ṣoṣo tí a ti ṣí, èmi sì ń ra oògùn ní igò kọ̀ọ̀kan.

Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá oníná mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ dáadáa. Kó tó gun òrùlé, ó mú bébà jáde, ó ní kí n ka gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé àti wákàtí tí ó ń lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ní mítà alásansílẹ̀ mọ yúnìtì: 1,000 wáàtì fún wákàtí kan ni yúnìtì kan. Fíríìjì kékeré tiwa ń jẹ bíi yúnìtì kan lójúmọ́. Fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, gbogbo rẹ̀ papọ̀ kò tó méjì. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin náà, lójúmọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, lè mú bíi mẹ́rin wá. "Ó tó yín, ọ̀gá. Ó kù ibi tí ẹ gbé e sí." Kò sí ẹni tó ṣe ìṣirò yẹn fún mi ní oṣù Kẹfà. Èmi náà kò béèrè.

Ó ní kí a gé igi máńgòrò náà.

Mo wo Màmá. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórúkọ ni bàbá mi gbin igi yẹn. Ẹ̀gbọ́n náà kò pé ọdún méje tó fi padà sí ibi tó ti wá. N kò mọ̀ ọ́n, wọn kò tíì bí mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Màmá kì í jẹ máńgòrò náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òkò sí i.

"Ẹ kò ní gé e," ni mo wí, kó tó lanu.

Màmá wá dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí a tẹ̀ lé òun. Ó mú wa lọ sí apá ìlà oòrùn ilé, níbi tí bàbá mi yí sìmẹ́ńtì sí fún kòkó sísá. Ó fi ọ̀pá nàka. "Láti ìgbà tí a bá ti ń yọ kòkó ńlá, oṣù Kẹwàá lọ, títí ọdún á fi yí, ibí nìkan ni oòrùn kì í kúrò láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi tutù. Ibi tí òjìji dé nìyí." Ó fa ìlà. "Lẹ́yìn ọdún tuntun, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, á wà ní abẹ́ igi gan-an. Nígbà tí àgbàdo bá gbó, á yí sí ọ̀nà ibẹ̀ yẹn." Ó nàka sí gúúsù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ fóònù rẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi ọ̀nà oòrùn hàn. Ó wò ó, ó wo ìlà Màmá, ó tún wò ó. Ó ní, "Ìyá, níbo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Bí èèyàn bá sá kòkó tó rà lẹ́ẹ̀kan, á kọ́ ọ."

Ohun tó fà á kò ṣòro, bí èèyàn bá fara balẹ̀. Ayé kò dúró ṣánṣán bó ti ń yí oòrùn po. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 23 àti ààbọ̀. Nítorí èyí, níbi tí Emùré wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá lọ́sàn-án gangan, òjìji á sì ṣubú sí gúúsù. Ní gbogbo oṣù tó kù, apá gúúsù ló ń gbà, òjìji á ṣubú sí àríwá. Nínú oṣù Kẹfà tí a gun òrùlé, òjìji máńgòrò ń ṣubú kúrò lọ́dọ̀ wa. Nínú oṣù Kejìlá, ó ń ṣubú lù wá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré láàárín ọdún ni oòrùn ń dúró sí àárín orí wa ṣánṣán. Ẹni tó bá fẹ́ gbé páńẹ́ẹ̀lì, kó béèrè ibi tí òjìji ń wà nígbà ọyẹ́, kì í ṣe ibi tó wà lọ́jọ́ tí oníná wá.

A rọ irin, a gbé páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí rẹ̀ ní etí ibi ìsákòkó, a kọjú wọn sí gúúsù, a dà wọ́n tì díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku wọn. Ó wà nílẹ̀ tí ọwọ́ Ẹnjiníà tó o, aṣọ tútù ló fi ń nù ún ní òròòwúrọ̀ nígbà ọyẹ́. Mo yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù tuntun kan, èyí tí kò nílò omi tí a sì lè lò jù ìdajì lọ láìṣe é ní jàǹbá. Mo ṣì ń san owó náà. Áyọ́ọ̀nù ti dèwọ̀ lórí sólà, èyí tó ń lo èédú ni Ẹnjiníà fi ń lọ aṣọ.

Bí ẹ bá ń rò pé ti ilé kan ṣoṣo ni irú nǹkan yìí, ẹ lọ wo Gbamugbamu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Abúlé àgbẹ̀ ni. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti gbé sólà tó tó 85 kìlówáàtì kalẹ̀ fún wọn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń wọ inú ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Wáyà iná ìjọba kọ́ ló gbé iná dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé mítà wà, kálukú ń san iye tó lò. Kò sí ẹni tó lè máa lọ aṣọ gbogbo àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ omi gbígbóná. Eékún ń dun Màmá, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́ràn láti fi wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń gbé omi hó, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ní kí n má ṣe é. Láti mú korobá omi ńlá kan, 20 lítà, kúrò ní tútù dé ìwọ̀n tó dára láti wẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì yúnìtì, ìyẹn ìdajì oúnjẹ fíríìjì fún ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni oòrùn ń gbé ooru kiri lọ́fẹ̀ẹ́. Dúrọ́ọ̀mù kékeré kan ni a kùn ní dúdú fín-ín-fín, a gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ́ẹ̀lì, a fi gíláàsì fèrèsé àtijọ́ kan bò ó níwájú kí atẹ́gùn má bàa gba ooru rẹ̀ lọ. Dúdú ń gba ooru mu, gíláàsì ń dá a dúró. Tí ó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà ń jó ni lọ́wọ́, àfi kí a fi tútù là á. Nígbà òjò, igi ìdáná ṣì ni.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ọdún 2024, mo dé láti Àkúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ibi ìsákòkó ni mo kọ́kọ́ lọ kí n tó wọlé. Kòkó díẹ̀ wà lórí sìmẹ́ńtì, ti aládùúgbò kan tó bẹ Màmá fún àyè. Òjìji máńgòrò ti nà wá, ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì sí irin àkọ́kọ́. Ẹnì kan ti fi ẹfun fa ìlà síbẹ̀.

Màmá jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó bá mi wo ìlà náà.

"Kò ní kọjá ibẹ̀ yẹn," ló wí. "Ó ti dé òpin. Ọ̀la, ọ̀túnla, á bẹ̀rẹ̀ sí í padà."

Ó na korobá sí mi, ó ní kí n lọ bá òun bu omi wá nínú dúrọ́ọ̀mù.